Ọmọ Ológbò Aláìníyàá àti Alágbàtọ́ Rẹ̀

Ológbò kì í ṣe àlejò ní àárín gbùngbùn ìlú Ìbàdàn. Láti ẹsẹ̀ òkè Màpó títí dé Ọjà'bà, láti Bẹẹrẹ títí wọ inú àwọn agbo ilé Bẹ́yẹrúnkà, ibi gbogbo tí ilé bá ti fara kan ara wọn ni ológbò ti ní ọ̀nà tirẹ̀ lórí páànù àti lẹ́yìn ògiri. Ohun tí ó gbé e wọ àárín ènìyàn kò farasin. Níbi tí èlùbọ́, àgbàdo, ẹ̀wà àti gààrí bá wà nínú àpò, ibẹ̀ ni eku ń gbé. Ibi tí eku bá sì ń gbé ni ológbò ń wá. Àwọn àgbà tilẹ̀ ti sọ ọ́ pé bí ológìnní bá kúrò nílé, ilé a di ilé èkúté. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ènìyàn ti mọ ìwúlò àgbà ológbò tó, ìwọ̀nba ni àwọn tí ó mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe nígbà tí ìyá ológbò bá kú, tí ó sì fi àwọn ọmọ tí kò tíì lajú sílẹ̀ lórí àjà tàbí lábẹ́ àtẹ.

Irú ikú bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí ó fi oògùn sínú oúnjẹ láti pa eku kò gbèrò láti pa ológbò, ṣùgbọ́n eku tí ó ti jẹ oògùn náà ni ológbò máa ń rí mú jẹ. Ọkọ̀ a máa pa òmíràn lójú pópó. Bí ọjọ́ kan bá kọjá, àwọn ará ilé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ igbe tín-ín-rín láti òkè àjà. Ìhà méjì ni ènìyàn sì máa ń pín sí lórí igbe yìí. Àwọn kan yóò ní kí wọ́n kó wọn dànù nítorí pé wọn kò fẹ́ràn ohun tí ń ké bí ìkókó lóru. Àwọn mìíràn yóò káàánú wọn, wọn yóò po wàrà, wọn yóò sì máa dà á sí wọn lẹ́nu. Ohun tí ó dunni ni pé ibi kan náà ni ọ̀nà méjèèjì sábà máa ń já sí: kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó mọ́, àwọn ọmọ ológbò náà yóò ti kú.

Kò sí ẹni tí yóò dá aláàánú lẹ́bi. Síbẹ̀, àánú nìkan kò lè tọ́ ọmọ ológbò. Ọ̀nà tí a ń gbà tọ́ ọmọ ènìyàn ni ọ̀pọ̀ alágbàtọ́ ń gbé lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ara ọmọ ológbò kò rí bí ara ọmọ ènìyàn. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí ìyàtọ̀ náà gbé wà ni ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

Ṣé aláìníyàá ni lóòótọ́?

Ohun àkọ́kọ́ ni láti rí i dájú pé ọmọ náà kò ní ìyá. Ìyá ológbò kì í jókòó ti ọmọ ní gbogbo ìgbà. Ó ní láti jáde lọ wá ohun tí yóò jẹ kí ọmú rẹ̀ tó lè sun wàrà. Bí ibi tí ó bímọ sí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́, yóò fi ẹnu gbé àwọn ọmọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí ibòmíràn. Ẹni tí ó bá bá ọmọ ológbò kan ṣoṣo lẹ́bàá ọ̀nà lè jẹ́ pé àárín ìrìn-àjò ni ó bá a. Nítorí náà, bí ibẹ̀ kò bá léwu, bí òjò kò bá rọ̀, tí ara ọmọ náà sì gbóná, kí a fi í sílẹ̀ kí a sì máa wò ó láti òkèèrè fún wákàtí mélòó kan. Ọmọ tí ó yó, tí ó sùn jẹ́jẹ́, ní ìyá. Ọmọ tí ó tutù, tí ó dọ̀tí, tí ó sì ń ké láìdákẹ́, nílò alágbàtọ́.

Alágbàtọ́ tí ó dára jù lọ kì í sì í ṣe ènìyàn. Bí ológbò mìíràn bá wà ní agbo ilé ìtòsí tí ó ń fún ọmọ lọ́mú lọ́wọ́, tí ọmọ tirẹ̀ àti aláìníyàá náà sì jọ jẹ́ ẹgbẹ́, a lè fi aṣọ tí àwọn ọmọ rẹ̀ sùn lé ra àjèjì náà lára kí òórùn wọn lè papọ̀, kí a sì rọra tẹ́ ẹ sí àárín wọn. Ọ̀pọ̀ abiyamọ ológbò ni kì í kọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí irú abiyamọ yìí nítòsí, nígbà náà ni iṣẹ́ dé ọwọ́ ènìyàn.

Mímọ ọjọ́ orí rẹ̀

Gbogbo ìtọ́jú dá lórí ọjọ́ orí, ara ọmọ náà ni yóò sì sọ ọ́. Ọmọ tí ìwọ́ ṣì wà ní ìdodo rẹ̀ kò tíì ju nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún lọ. Ojú ológbò a máa là láàárín ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 14. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ là á ṣáájú àkókò. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta ni eyín wẹ́wẹ́ iwájú ń yọ, tí ó sì ń gbìyànjú láti rìn tàgétàgé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ó ń sáré, tí ó sì ń bá ìrù ara rẹ̀ ṣeré.

Ìwọ̀n ara tún jẹ́ ẹlẹ́rìí tí kì í purọ́. Nǹkan bí 100 gíráàmù ni ọmọ ológbò ń wọ̀n nígbà tí a bá bí i, ó sì yẹ kí ó máa fi nǹkan bí 10 sí 15 gíráàmù lé e lójoojúmọ́. Òṣùwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn èròjà oúnjẹ tó láti wọ̀n ọ́n. Kí a máa wọ̀n ọ́n ní àkókò kan náà lójúmọ́, kí a sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ tí kò bá sanra sí i láàárín ọjọ́ kan ń kìlọ̀ fún alágbàtọ́ rẹ̀. Èyí tí ó bá rù sí i kò yẹ kí ó dúró di ọjọ́ kejì kí dókítà ẹranko tó rí i.

Ooru ni ó ṣáájú oúnjẹ

Bí a bá bi ènìyàn mẹ́wàá léèrè ohun tí ń pa ọmọ ológbò aláìníyàá, àfàìmọ̀ kí mẹ́sàn-án má dáhùn pé ebi ni. Òtútù ni ó sábà máa ń ṣáájú ebi. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ ológbò kò tilẹ̀ lè gbọ̀n bí òtútù bá mú un. Ooru ara ìyá rẹ̀ àti ti àwọn ẹgbọ́n àti àbúrò tí ó dùbúlẹ̀ tì í ni ó fi ń wà láàyè. Ibi tí ó gbé wà ní ọ̀sẹ̀ yìí yẹ kí ó gbóná tó ìwọ̀n 29 sí 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tí ó bá rò pé ilẹ̀ Ìbàdàn gbóná ju kí ohunkóhun tutù lọ, kí ó rántí òru ọyẹ́, kí ó sì rántí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ onísìmẹ́ńtì lẹ́yìn òjò.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi le ni pé nígbà tí ara ọmọ ológbò bá tutù, inú rẹ̀ kò lè da oúnjẹ mọ́. Wàrà tí a bá fún un yóò kàn dúró síbẹ̀, yóò sì bà jẹ́, tàbí kí ó padà sókè kí ó wọ ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà ni òfin àkọ́kọ́ fi jẹ́ pé a kì í fún ọmọ ológbò tí ó tutù ní oúnjẹ. Kí a fi í sí àyà, láàárín ara àti aṣọ, kí ó rọra móoru fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí inú ẹnu rẹ̀ bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ó sì ń fi ẹnu wá ọmú kiri, nígbà náà ni kí oúnjẹ dé.

Ibùsùn rẹ̀ kò gba owó. Páálí tí etí rẹ̀ ga díẹ̀, aṣọ gbígbẹ, àti ìgò omi gbígbóná tí a fi aṣọ tí ó nípọn wé dáadáa tó. Apá kan páálí náà ni kí a gbé ìgò náà sí, kí apá kejì ṣófo, kí ọmọ náà lè fà sẹ́yìn bí ooru bá pọ̀ jù. Kí a má ṣe gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yinná tàbí ààrò, nítorí èéfín àti iná tí ó lè ta. Omi inú ìgò a máa tutù láàárín wákàtí díẹ̀. Bí a kò bá sì pààrọ̀ rẹ̀, ìgò náà fúnra rẹ̀ ni yóò di òtútù.

Wàrà, kì í ṣe ẹ̀kọ

Oúnjẹ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ìyá àgbà nínú agbo ilé ni ẹ̀kọ mímu, nítorí pé òun ni a fi ń tọ́ ọmọ ènìyàn láti ìran dé ìran. Ẹran tí ń jẹ ẹran ni ológbò. Ní ọdún 2007 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nípa àyẹ̀wò àjogúnbá pé láti ara ológbò igbó kan ní agbègbè Ìlà-Oòrùn Àárín ni gbogbo ológbò ilé ti ṣẹ̀ wá. Ẹran tí ó ń pa ni irú ológbò yẹn fi ń gbé ayé. Ìfun ọmọ rẹ̀ kò tíì ní agbára láti da ògì. Ẹ̀kọ yóò kún un ní ikùn, yóò dà bí ẹni tí ó yó, ṣùgbọ́n ebi yóò máa pa á lọ ni.

Wàrà màlúù náà kò tó o. Èròjà amáradàgbà tí ó wà nínú wàrà ológbò ju ìlọ́po méjì ti inú wàrà màlúù lọ, ọ̀rá inú rẹ̀ sì pọ̀ jù. Bí a bá tún wá fi omi là wàrà inú agolo títí ó fi ṣàn bí omi ìfọwọ́, ìyà ni a fi jẹ ọmọ náà. Ṣúgà inú wàrà màlúù a sì máa fa ìgbẹ́ gbuuru, omi ara rẹ̀ yóò sì gbẹ kíákíá. Wàrà tí a ṣe fún ọmọ ológbò ni ó yẹ ẹ, a sì lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà ẹranko. Bí kò bá sí ní àrọ́wọ́tó, dókítà náà ni kí ó sọ ohun tí a lè fi dípò rẹ̀ àti bí a ó ti pò ó.

Ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí méjì sí mẹ́ta ni ọmọ ọ̀sẹ̀ kìíní ń jẹun, lọ́sàn-án àti lóru. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó lè tó wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún. Inú rẹ̀ kéré púpọ̀: ọmọ tí ó wọ̀n 100 gíráàmù kò gbọ́dọ̀ gbà ju nǹkan bí mìlílítà 4 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tí kò tó ṣíbí ìmutíì kan. Kí wàrà náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí a sì fi omi híhó fọ ohun èlò lẹ́yìn lílò. Agbo ilé ní àǹfààní kan níhìn-ín tí ẹni tí ó dá gbé kò ní: ọwọ́ pọ̀, a sì lè pín aago òru mọ́ ara ẹni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìlànà kan ni kí gbogbo ọwọ́ náà tẹ̀lé, kí ó má baà di pé ẹni mẹ́ta fún un ní oúnjẹ láàárín wákàtí kan.

Ewu rírọ

Níhìn-ín ni ìyàtọ̀ tí ó tóbi jù lọ wà. Láyé àtijọ́, bí abiyamọ bá fẹ́ rọ ọmọ, yóò na ẹsẹ̀, yóò tẹ́ ọmọ náà sórí itan rẹ̀ ní ìdojúkọ òrùlé, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe bí abọ́ sí i lẹ́nu, yóò sì máa da ẹ̀kọ tàbí àgbo sí i. Àwọn oníṣègùn ti kìlọ̀ lórí àṣà yìí fún ọmọ ènìyàn pàápàá. Bí a bá ṣe é fún ọmọ ológbò, ikú ni. Ológbò kì í mu ọmú ní ìdojúkọ òkè; ikùn ni ó fi ń dùbúlẹ̀, yóò na ọrùn, yóò sì fi ọwọ́ méjèèjì máa tẹ ọmú ìyá rẹ̀. Bí a bá dá a délẹ̀ tí a sì da wàrà sí i, ọ̀nà èémí ni wàrà náà yóò gbà, ẹ̀dọ̀fóró ni yóò sì wọ̀. Òtútù àyà tí yóò tẹ̀lé e a máa pa á láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn ará ilé yóò sì máa sọ pé, "A kúkú fún un ní oúnjẹ."

Kí a gbé e lé aṣọ lórí ikùn rẹ̀, kí orí rẹ̀ wà bí yóò ti wà lábẹ́ ìyá rẹ̀. Kí a lo ìgò kékeré tí a ṣe fún ọmọ ẹran, tàbí síríńjì tí a ti yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ kúrò, kí a máa ká wàrà náà sí i lẹ́nu níwọ̀n bí òun fúnra rẹ̀ bá ti ń gbé e mì. Bí wàrà bá ń jáde ní imú rẹ̀, kí a dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, kí a tẹ orí rẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, kí a sì nù ún. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ìgbọ̀nsẹ̀ àti ìmọ́tótó

Ọmọ ológbò kò lè dá tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dá yàgbẹ́, títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta. Ahọ́n ìyá rẹ̀ ni ó ń lá a ní ìdí tí ìtọ̀ fi ń jáde. Nítorí náà, lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, kí alágbàtọ́ fi òwú tí ó ti bọ inú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ rọra máa pa á ní ìdí títí yóò fi tọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ nípa èyí rí, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí a kò bá ṣe é fún lè kú pẹ̀lú ikùn tí ó le bí òkúta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń jẹun dáadáa.

Eégbọn àti àwọn kòkòrò tí ń fò nínú irun a máa fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu. Nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kò pọ̀, kòkòrò díẹ̀ lè sọ ọ́ di ẹni tí èrìgì rẹ̀ funfun báláú. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ torí èyí fi kẹrosíìnì tàbí ọ̀tapiápiá pa á lára, kò sì gbọ́dọ̀ fi kàfúrà sínú páálí rẹ̀. Májèlé ni gbogbo wọn jẹ́ fún un. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ díẹ̀ tí kò le, àti ìyarun eléyín tóótòòtó ni a fi ń yọ wọ́n. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni kí a nù ún gbẹ, kí a sì dá a padà sínú ooru.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin lọ

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, a lè máa po wàrà rẹ̀ mọ́ ẹja tàbí ẹran bíbọ̀ tí a gún kúnná, tí a sì ti yọ egungun rẹ̀. Kí a má fi iyọ̀ sí i, kí a má fi ata sí i. Ní pàtàkì jù lọ, kí a má ṣe bù ú nínú ọbẹ̀, nítorí pé àlùbọ́sà a máa ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Kí a gbé omi mímọ́ sínú abọ́ pẹlẹbẹ, kí a sì da iyanrìn sínú àwo mìíràn fún ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀; òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́ bí a ti ń wà á bò. Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkeje ni ó ń mọ ẹni tí kò yẹ kí ó bẹ̀rù. Ọmọ tí àwọn ará ilé bá ń fi pẹ̀lẹ́ gbé ní àkókò yìí yóò di ẹran ilé. Èyí tí àwọn ọmọdé bá ń fà ní ìrù yóò di ẹhànnà.

Ṣáájú ọ̀sẹ̀ kẹjọ, kò yẹ kí a fi í ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ń bẹ̀rẹ̀, ti àrùn dìgbòlugi sì máa ń tẹ̀lé e ní nǹkan bí oṣù kẹta. Oògùn aràn náà kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn. Ilé-Ìwòsàn Ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà fún irú iṣẹ́ yìí. Bí ológbò tí a kò mọ ìtàn rẹ̀ bá gé ènìyàn jẹ, kí onítọ̀hún fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Dìgbòlugi kò ní ìwòsàn nígbà tí ó bá ti fara hàn. Ẹ̀wẹ̀, ológbò lè lóyún kí ó tó pé oṣù mẹ́fà, oyún rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí oṣù méjì lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí igbe tún ta lórí àjà, kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà nípa iṣẹ́ abẹ tí kì í jẹ́ kí ó bímọ mọ́.

Ọ̀rọ̀ àjẹ́

A kò lè sọ̀rọ̀ ológbò ní ilẹ̀ Yorùbá kí a má mẹ́nu kan àjẹ́. Igbe ọmọ ológbò jọ igbe ìkókó nítorí pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wá: wọ́n ń pe ìyá. Ojú rẹ̀ ń tàn lóru nítorí pé awọ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀ tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bí dígí. Àwọ̀ dúdú ara rẹ̀ sì jẹ́ àjogúnbá, gẹ́gẹ́ bí ti ewúrẹ́. Bí ọmọ ológbò bá kú lọ́wọ́ alágbàtọ́, àwọn kan yóò ní ilé náà kò dá. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé ìgò omi ni ó tutù lóru. Òtítọ́ sì ni pé nínú àwọn aláìníyàá tí a tọ́jú bí ó ti yẹ pàápàá, àwọn kan a máa kú, nítorí pé wọn kò rí wàrà àkọ́sun ìyá wọn mu tó, tàbí nítorí àìlera tí a bí mọ́ wọn. Kì í ṣe ẹ̀bi alágbàtọ́, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni pé ìlú tí eku pọ̀ sí kò ní àlàáfíà. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí kòkòrò ara eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1969 ni a kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀, èyí tí irú eku kan ń tàn kálẹ̀. Ológbò nìkan kò lè dènà irú àrùn báwọ̀nyí. Bíbo oúnjẹ, dídí ihò ara ògiri àti kíkó ìdọ̀tí kúrò ni ó ṣe kókó. Ṣùgbọ́n ilé tí ó ń ṣe gbogbo èyí, tí ó sì tún ní ológbò tí ara rẹ̀ le, kò ní láti fi májèlé sí gbogbo igun.

Olùkọ́ lè lo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa nínú kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wọn ọmọ ológbò lójoojúmọ́, tí ó ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì ń wádìí ìdí tí kò fi sanra lónìí, ti ń kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Yóò kọ́ pẹ̀lú pé kí ènìyàn tó sọ ohun tí ó pa ẹ̀dá kan, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ìgò omi náà kí ó mọ̀ bóyá ó ṣì gbóná.